Hóòlù wà, fíìmù wà, èèyàn ò wá: ìdáhùn fún àbúrò wa tó ń fi fíìmù àwọn dúdú hàn ní Maryland

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Maryland ni mò ń gbé, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta la pinnu pé a máa fi fíìmù táwọn dúdú fowó ara wọn ṣe han àwọn ará àdúgbò, àwọn fíìmù tí kì í dé sinimá ńlá. A háyà hóòlù, a ṣe fláyà, a gbé e sórí Instagram àti WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mejì la ti ṣe é báyìí, àwọn tó wá ò kún ìlà àga méjì. Àwọn kan ní ká máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan ní ká kúkú máa fi Nollywood hàn torí òun làwọn èèyàn wa fẹ́. Ẹnì kan tún ní kí n má wulẹ̀ dààmú kọ̀wé sí onífíìmù, kí n ṣáà so Netflix mi mọ́ pùròjẹ́tọ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ṣé nǹkan tá à ń ṣe yìí tiẹ̀ ń ran àwọn tó ṣe fíìmù lọ́wọ́, àbí a kàn ń da ara wa láàmú?"

Àbúrò mi, mo kí ẹ, mo kí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ náà. Má jẹ́ kí ìlà àga méjì yẹn bà ẹ́ lọ́kàn jẹ́, mo mọ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn tí hóòlù wọn ń kún lónìí. Bí mo ṣe ka lẹ́tà ẹ, ohun tó ń dùn ẹ́ gan-an ni pé o rò pé àwọn èèyàn ò nífẹ̀ẹ́ sí fíìmù wọ̀nyí. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe gbé iṣẹ́ yẹn kalẹ̀ ni wàhálà wà: ẹ háyà hóòlù, ẹ gbé fláyà síta, ẹ wá jókòó ẹ ń retí. Bí sinimá ṣe ń ṣe nìyẹn, sinimá sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ torí pé kí fíìmù tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹnì kan ti náwó rẹpẹtẹ lórí tẹlifíṣọ̀n, lórí pátákó ojú títì, lórí fóònù gbogbo èèyàn. Èyí tí ìwọ mú dání, kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, kò sí gbajúmọ̀ kankan nínú ẹ̀, ẹni tó ṣe é ò lówó ìpolówó. Tó o bá wá ṣe é bíi sinimá kékeré, nǹkan tí sinimá ní ò sí lọ́wọ́ ẹ, nǹkan tí àdúgbò ní o ò sì lò ó, nǹkan tí àdúgbò ní náà ni èèyàn tó mọ èèyàn.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ o, kì í ṣe èmi tàbí ìwọ la dá a sílẹ̀. Oscar Micheaux, tí wọ́n bí ní Illinois lọ́dún 1884, àgbẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe ní South Dakota, ó wá ń kọ ìwé, ó ń gbé e kiri tà fúnra ẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ṣe fíìmù àkọ́kọ́, èyí tó jáde lọ́dún 1919, ó lọ bá àwọn àgbẹ̀ agbègbè Sioux City ní Iowa pé kí wọ́n ra ṣíà nínú ẹ̀. Tó bá ti ya fíìmù tán, òun náà ló ń gbé e láti ìlú dé ìlú, á wọ ilé sinimá àwọn dúdú, á fi fọ́tò fíìmù tó ń bọ̀ lọ́nà han ẹni tó ni ibẹ̀, á gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, owó yẹn ló máa fi ya èyí tó kàn. Fíìmù tó ṣe báyẹn lé ní 40. Àwa Yorùbá náà mọ irú iṣẹ́ yẹn dáadáa, torí Hubert Ògúndé, Adéyẹmí Afọ́láyàn tá a mọ̀ sí Adé Love, àti Moses Ọláìyá tí í ṣe Baba Sàlá, gbogbo wọn ló gbé fíìmù kiri hóòlù bí wọ́n ṣe ti ń gbé tíátà kiri tẹ́lẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà, ríìlì fíìmù ò sì gbọ́dọ̀ kúrò lójú wọn. Ìdí tí ò fi gbọ́dọ̀ kúrò lójú wọn hàn sí gbogbo ayé nígbà tí Ọ̀run Móoru jáde lọ́dún 1982, tí àwọn kan jí i dà sórí fídíò tí wọ́n ń tà á kiri, tí Baba Sàlá tó náwó ẹ̀ wá ń ru gbèsè. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹni tó yẹ kó o kẹ́kọ̀ọ́ lára ẹ̀ jù, nítòsí ẹ níbẹ̀ ló wà. Haile Gerima, ọmọ Ethiopia tó kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní UCLA, yunifásítì kan ní California, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Howard University ní Washington lọ́dún 1975, òun àti ìyàwó ẹ̀ Shirikiana Aina ló gbé Sankofa jáde lọ́dún 1993. Ọ̀rọ̀ òwò ẹrú ni. Wọ́n fi hàn níbi ìdíje ńlá tí wọ́n máa ń ṣe ní Berlin, ṣùgbọ́n nígbà tó dé Amẹ́ríkà, àwọn dístríbútọ̀, ìyẹn àwọn tó ń gbé fíìmù lọ sí sinimá, ò dá a lóhùn. Ni tọkọtaya bá lọ háyà sinimá fúnra wọn ní Washington, èèyàn sì ń wọ́ wá lọ́sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e lọ sí Baltimore, wọ́n tún gbé e lọ sáwọn ìlú míì. Ibi tó yẹ kó o fojú sí rèé: kí fíìmù tó wọ ìlú, wọ́n ti kó àwọn ará ìlú yẹn jọ, àwọn tó lẹ́nu láàárín àdúgbò wọn, àwọn yẹn ló máa sọ ọ́ di tiwọn, àwọn ló máa pe ará ilé, ará ṣọ́ọ̀ṣì, ará ibi iṣẹ́. Wọ́n ti ní èèyàn kí wọ́n tó ní hóòlù. Sankofa ò dé Netflix àfi ọdún 2021, ARRAY, ilé iṣẹ́ Ava DuVernay, obìnrin dúdú tó ń darí fíìmù, ló gbé e débẹ̀, ó ti pé ọdún 28 tó ti jáde. Ní gbogbo àárín yẹn, àwọn èèyàn tó ń pe ara wọn wá wò ó ni ò jẹ́ kó kú. ARRAY fúnra ẹ̀ náà, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2010, tí orúkọ ẹ̀ ṣì jẹ́ AFFRM, àwọn tó ń ṣe àjọ̀dún fíìmù dúdú ní ìlú kọ̀ọ̀kan ló pawọ́ pọ̀ pé káwọn jọ gbé fíìmù kan jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí oníkálukú kó èèyàn tiẹ̀ wá. Tó o bá ráyè, lọ sí ilé ìtàwé Gerima ní Georgia Avenue, ó wà lọ́ọ̀ọ́kán Howard, Sankofa náà ni wọ́n ń pè é, wà á rí ohun tí fíìmù lè kọ́ nígbà tí owó ẹ̀ bá padà sọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

Nítorí náà, ìgbà kẹta yìí, má tíì háyà hóòlù kankan. Wá ẹgbẹ́ tó ti ń pàdé tẹ́lẹ̀. Ní Prince George's County ní Maryland níbẹ̀, tí mo mọ̀ dáadáa, ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wà, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì wa wà, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn dúdú ọmọ Amẹ́ríkà wà tí wọ́n ti ní hóòlù, àga, máìkì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Mú fíìmù tó bá ọ̀rọ̀ wọn mu lọ bá wọn níbẹ̀. A fi fíìmù kan lórí àwọn obìnrin dúdú tó ń kú lórí ìkúnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà hàn pẹ̀lú ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì kan, fláyà wa ò ṣe nǹkan kan, ààrẹ ẹgbẹ́ ló fi vóìsì nóòtù sórí WhatsApp wọn nígbà tó ń wakọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó ní ẹ̀yin ará, wọ́ọ̀dù tiwa lọ̀rọ̀ yìí o, ẹni tí ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn kó má jókòó sílé. Àwọn tó wá mú ọkọ wá, wọ́n mú ọmọ tó ti dàgbà wá, obìnrin kan mú ìyá ọkọ ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé wá. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń wá èèyàn bíi 10 tó gbà láti jẹ́ onílé lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní kí wọ́n polówó, mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ èèyàn márùn-ún tó máa pè lórí fóònù, orúkọ gidi lórí pépà, kó sì fi pépà náà hàn mí. Fláyà ṣì dáa, ẹ máa ṣe é, òun lẹni tẹ́ ẹ ti pè á fi mọ àdírẹ́sì àti aago.

Ti Nollywood yẹn, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀, ẹ má sì fojú tín-ín-rín ẹ̀, torí òun náà fúnra ẹ̀ àwọn èèyàn tó ń fowó ara wọn ṣe fíìmù láìsí ìrànlọ́wọ́ ìjọba ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ni pé àwọn àgbà wa á ní "tiwa kọ́ nìyẹn, ti àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ni." Mo ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi, ó sì máa ń dùn mí torí pé ọmọ àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ilé ìwé kan náà lòun àtàwọn ọmọ yẹn jọ ń lọ, ọlọ́pàá kan náà ló ń dá wọn dúró lójú títì. Àríyànjiyàn ò lè yanjú ẹ̀, ètò ló ń yanjú ẹ̀. Ẹ fi fíìmù kékeré oníṣẹ́jú 15 tí ọmọ Nàìjíríà kan ṣe ṣáájú, kí fíìmù ńlá tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ẹ pe ẹgbẹ́ Yorùbá kan àti ṣọ́ọ̀ṣì ọmọ Amẹ́ríkà kan kí wọ́n jọ gbàlejò, kẹ́ ẹ sì ṣètò ìjókòó kí wọ́n má jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ tún wo irú fíìmù tẹ́ ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Killer of Sheep ti Charles Burnett wà lára fíìmù tí mo fẹ́ràn jù láyé mi, ṣùgbọ́n mi ò ní fi í ṣe ti alẹ́ àkọ́kọ́ fún àwọn tó ti ibi iṣẹ́ dé tó ti rẹ̀, torí kò ní ìtàn tó ń sáré, ìgbésí ayé lásán ló ń wò. Ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní ìtàn tó mú èèyàn dání, tí kò ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ, tó bá di ìgbà kẹrin tàbí ìkarùn-ún tí wọ́n ti fọkàn tán yín, ẹ lè gbé ti Burnett jáde.

Ó wá kan Netflix. Má ṣe é. Owó tó ò ń san fún wọn lóṣooṣù, ìwọ àti ará ilé ẹ lo san án fún. Òfin àṣẹ-lórí-iṣẹ́ ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1976, sọ ọ́ kedere pé tí àwọn tó pé jọ bá ti kọjá ìdílé àtàwọn ojúlùmọ̀ ilé, ìfihàn gbangba ni, ìfihàn gbangba sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ẹ jẹ́ kí n mú àṣìgbọ́ kan kúrò níbẹ̀: pé ọ̀fẹ́ ni kò yí i padà, pé ẹgbẹ́ yín kì í pa èrè kò yí i padà, pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni kò yí i padà. Àyè tí òfin fi sílẹ̀ fún tíṣà, ti inú kíláàsì ni, òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ lójúkojú, nílé ìwé tí kì í ṣe ti èrè, alẹ́ Sátidé ní hóòlù ò sí nínú ẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan máa ń ra àṣẹ ọlọ́dọọdún, ó dáa, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó bá wà nínú ìwé àṣẹ yẹn nìkan ló bò, ẹ rí i pé ẹ kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó gbára lé e. Kóòtù lè bu owó láti $750 dé $30,000 lórí fíìmù kan ṣoṣo, tí wọ́n bá rí i pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni, ó lè tó $150,000. Mi ò kì í ṣe lọ́yà, ẹ bi lọ́yà tó bá di ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn tó díjú. Ṣùgbọ́n kóòtù kọ́ ló ká mi lára jù níbẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ ran onífíìmù lọ́wọ́, ẹ wá fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ kó èèyàn jọ láìjẹ́ kó gbọ́, tí kọ́bọ̀ ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Wọ́n ṣe é fún Baba Sàlá, a mọ bó ṣe parí.

Gbígba àṣẹ ò le tó bí ẹ ṣe rò. Fíìmù ilé iṣẹ́ ńlá, ọ̀dọ̀ alágbàtà bíi Swank lẹ máa lọ. Ti àwọn tá à ń sọ yìí, lọ́pọ̀ ìgbà ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló ṣì wà, tàbí lọ́wọ́ dístríbútọ̀ kékeré bíi Third World Newsreel tàbí Women Make Movies ní New York. Kọ lẹ́tà tí kò ju ìpínrọ̀ méjì lọ, sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, ọjọ́ wo, hóòlù wo, èèyàn mélòó, èló ni tíkẹ́ẹ̀tì, kó o sì béèrè bóyá owó kan pàtó ló fẹ́ gbà àbí ìdá kan nínú owó ẹnu ọ̀nà. Bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé ṣé àṣẹ orin inú fíìmù pé pérépéré, ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì o, Killer of Sheep tí mo dárúkọ yẹn, ọdún 1977 ni wọ́n ti ṣe é tán, kò wọ sinimá títí di 2007, torí àṣẹ orin ni. Tí owó bá wá ṣòro fún yín pátápátá, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Within Our Gates tí Micheaux ṣe lọ́dún 1920, ó ti kọjá àkókò àṣẹ ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni lè fi hàn. Ó ti sọnù pátápátá kí wọ́n tó rí ẹ̀dà kan ní Spain, Library of Congress ló sì tún un ṣe. Fíìmù tí kò lóhùn ni, orin tí wọ́n fi sí àwọn ẹ̀dà tuntun lè ní ẹni tó ni ín, nítorí náà ẹ pa ohùn ẹ̀, ẹ pe onígángan àti ẹni tó ń tẹ dùùrù wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí wọ́n máa lu ú bí àwòrán ṣe ń lọ. Àwọn ọmọdé ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ ṣá o, torí ibi tí wọ́n ti so èèyàn rọ̀ wà nínú ẹ̀, ibi tí ọkùnrin kan ti fẹ́ fipá bá ọmọbìnrin lò náà wà, ẹ sọ ọ́ fáwọn èèyàn kí wọ́n tó jókòó.

Lórí ọ̀fẹ́ àbí owó, èmi ò fara mọ́ ọ̀fẹ́ àyàfi tí ẹnì kan bá ti san owó onífíìmù sílẹ̀, bóyá láíbìrì tàbí ẹgbẹ́ kan, torí ọ̀pọ̀ láíbìrì ò tiẹ̀ gbà kéèyàn gba owó lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ lásán, èèyàn rẹpẹtẹ á forúkọ sílẹ̀, tí òjò bá ti ṣú wọ́n ti jókòó sílé. Ká ní $10 ni, èèyàn 60 wá, $600 nìyẹn. Onífíìmù gba $250, omi àti ìpápánu gba $100, ẹni tó gbé spíkà wá gba $50, ó ku $200 tẹ́ ẹ máa fi dì mọ́ èyí tó kàn. Ẹni tí kò bá ní, ẹ jẹ́ kó wọlé jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ má bi í léèrè lójú èèyàn, ẹ kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì pé ẹni tó bá san $20 ti san fún ẹlòmíì, àwọn èèyàn wa máa ń san án.

Ọjọ́ náà gan-an, ohùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dààmú lé lórí kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwòrán. Hóòlù ṣọ́ọ̀ṣì, ògiri bíríkì ló sábà máa ń jẹ́, ilẹ̀ ẹ̀ á le gbagidi, ọ̀rọ̀ á máa ta padà, ẹni tó wà lẹ́yìn á gbọ́ ariwo lásán. Ẹ gbé spíkà méjì sókè dé orí àwọn tó jókòó, ẹ yí wọn sí àárín, ẹ ta kápẹ́ẹ̀tì tàbí aṣọ sílẹ̀ níwájú tẹ́ ẹ bá rí, ẹ wá lọ jókòó sí àga ẹ̀yìn pátápátá kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Ẹ tan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù, kódà tó bá jẹ́ òyìnbó ni wọ́n ń sọ, torí àwọn àgbà, àmọ́ ẹ gbé ojú aṣọ fíìmù sókè kí orí ẹni iwájú má bo ọ̀rọ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ ìta gbangba lẹ fẹ́, oṣù Júùnù ní Maryland oòrùn ò wọ̀ títí aago mẹ́jọ ààbọ̀ kọjá, fíìmù ò ní bẹ̀rẹ̀ títí di aago mẹ́sàn-án, àwọn ọmọ á ti sùn. Oṣù Ọ̀wàrà (October) àti Bélú (November) nínú ilé ló rọrùn jù lójú tèmi. Ẹ wo fáìlì náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin lórí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ máa lò gan-an. Oúnjẹ ńkọ́? Lẹ́yìn fíìmù. Tí òórùn ìrẹsì bá ti ń ti kíṣìnì bọ̀, kò sẹ́ni tó tún ń wo nǹkan kan mọ́. Tẹ́ ẹ bá kọ aago mẹ́fà, ẹ fi fíìmù kékeré yẹn bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́fà ààbọ̀, àwọn tó pẹ́ á bá ti ńlá.

Ìjíròrò tó tẹ̀ lé e, òun ló yà yín sọ́tọ̀ sí ẹni tó wò ó lórí fóònù nílé. Ousmane Sembène, onífíìmù ọmọ Senegal, máa ń pe sinimá ní ilé ìwé alẹ́, ó ń gbé fíìmù tiẹ̀ kiri Senegal, ó ń dúró gbọ́ ohun táwọn èèyàn bá sọ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ má gbé amòye mẹ́rin sórí tábìlì gígùn kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ gba wákàtí kan. Tí onífíìmù ò bá lè wá, ẹ pè é lórí Zoom fún ìṣẹ́jú 20. Kí ẹni tó ń darí ẹ̀ bi wọ́n ní ìbéèrè tó rọrùn, ta ló ṣe ẹ́ láàánú jù nínú fíìmù yìí, kó wá dákẹ́, kó dúró de ìyá àgbà tó wà nígun, kó gbé máìkì fún un, kó jẹ́ kó sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ọmọ kan túmọ̀ ẹ̀ fáwọn yòókù.

Ṣé ó wá ń ran onífíìmù lọ́wọ́? Ó ń ràn án lọ́wọ́, àmọ́ mi ò ní parọ́ fún ẹ, $250 ò lè san owó tó fi ya fíìmù, ìfihàn àdúgbò ò sì lè dípò kí sinimá gidi gbà á wọlé. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kéré. Nígbà tó bá di ìlú bíi mélòó kan tó ń ṣe é fún fíìmù kan náà ló tó di owó, ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ wá àwọn ẹgbẹ́ míì ní Baltimore, ní Philadelphia, ní Houston, kẹ́ ẹ máa gbé orúkọ onífíìmù fún ara yín nìyẹn. Àwọn fíìmù kan wà tí kò bá irú ìjókòó yìí mu, àwọn àdúgbò kan náà wà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí mo sọ yìí lẹ ṣe tí èèyàn ò sì ní ju 25 lọ, torí iṣẹ́ méjì-méjì tí wọ́n ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ má pa á tì nítorí ìyẹn, ẹ wá hóòlù tí àga ẹ̀ jẹ́ 30. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń gbàgbé tó sì wúlò fún onífíìmù ju owó lọ ni àkọsílẹ̀. Àwọn tó ń fún wọn lówó láti ṣe fíìmù míì máa ń béèrè pé ta ló wo ti tẹ́lẹ̀, onífíìmù kékeré kì í ní ìdáhùn sí i. Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, fi owó ẹ̀ ránṣẹ́, kó o fi iye èèyàn tó wá àti iye tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ tà sí i, fọ́tò hóòlù kan tó hàn dáadáa, ọ̀rọ̀ díẹ̀ lára ohun tí wọ́n sọ níbi ìjíròrò, àti ímeèlì àwọn tó gbà pé kó máa kọ̀wé sí àwọn nígbà tí èyí tó kàn bá jáde.